Ilé Aláró àti Ọmọ Hilding

Ní Hällviken, ìlú kékeré tiwa létí òkun ní Sweden, kò sí àgbàlagbà kan tí kò lè sọ fún ọ pé Sixten Norling fi ọmọge ṣe pàṣípààrọ̀ ilé. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, wọ́n á sì mi orí. Èmi náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àti Gunvor Åkerblom la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn nígbà náà, mo sì rò pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Ìgbà tí orí wa méjèèjì ti funfun, tó jókòó sí ilé ìdáná mi tó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ni mo tó mọ̀ pé ìdajì ni mo mọ̀.

Ọdún 1964 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé onígi àárín ìlú ti gbó, ìgbìmọ̀ ìlú sì ti pinnu pé kí wọ́n wó wọn, kí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tó ní omi gbígbóná nínú sí ibẹ̀. Hilding Åkerblom, bàbá Gunvor, ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni, tí ó bá sì wúkọ́ nínú ìpàdé, gbogbo ènìyàn á dákẹ́.

Àwọn tó takò ó kò pọ̀. Ẹgbẹ́ Atọ́jú Ilé Àtijọ́ ni, àwọn arúgbó tó fẹ́ràn kọfí àti àríyànjiyàn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Tekla Brandt, opó dókítà, ni alága. Akọ̀wé wọn nìkan ni ọ̀dọ́: Sixten, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àwòrán yíyà, ọkùnrin gíga tó máa ń ronú pẹ́ kó tó dáhùn ìbéèrè, kódà bí o bá bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹgbẹ́ ti rí i pé àwọn ò lè gba gbogbo ilé sílẹ̀. Wọ́n wá gbájú mọ́ ẹyọ kan, Ilé Aláró, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró láyé àwọn baba ńlá wa. Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, wọ́n ti pín in sí yàrá yàrá fún àwọn tálákà. Ẹni tó kù níbẹ̀ gbẹ̀yìn ni Alma, ìyá Hilding.

Gunvor máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá àgbà náà lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ó bá ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Rárá. Pákó yìí ni mò ń wò. Ẹ wo bó ṣe fẹ̀. Irú igi báyìí ò sí nínú igbó wa mọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti ya ìbọ̀sẹ̀ mi rí."

Alma fọhùn látinú yàrá. "Gunvor, fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń fọwọ́ pa ògiri mi lára bí ẹni tó fẹ́ fi í ṣaya."

Sixten dìde, ó gbọn ekuru kúrò ní orúnkún, ojú sì tì í. Ó wọlé lọ kí ìyá àgbà, ó ń ṣàlàyé fún un pé ilé rẹ̀ jẹ́ ohun iyebíye. Alma jẹ́ kó sọ tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni nínú ẹgbẹ́ yín ló ti pọn omi gun àtẹ̀gùn mi nígbà òtútù, tí yìnyín ti bo gbogbo rẹ̀? Kí Hilding wá wó o. Bó bá fẹ́, kó wá lónìí. Omi tó ń jáde látinú ògiri lèmi ń wá."

 Sixten gbé korobá méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi ní àgbàlá, ó sì pọn ọ́n kún. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ló ń wá pọn omi fún Alma. Gunvor náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Ìyá àgbà kì í sọ nǹkan kan, àmọ́ ó máa ń rán wọn jọ lọ kó igi ìdáná ní ilé ìkẹ́rùsí, igi tí kò nílò.

Ní ọ̀sán kan, Sixten mú Gunvor gun òkè àjà. Ó fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé lórí ìwé, títí ó fi kan igi. Igi náà ṣú bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò fẹ́ rọ̀.

"Aró ni," ó wí. "Ooru ìkòkò wọn ló gbé e wá sókè. Fọwọ́ kàn án."

Gunvor fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Sixten náà wà níbẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

"Inú ilé yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí," ọmọbìnrin náà wí. "Mi ò rí èyí rí."

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi hàn."

Inú Gunvor dùn dé ibi tó fi bẹ̀rù. Nígbà tó ń darí sílé, ọkàn rẹ̀ ń bi í pé, ṣé èmi ló ń wá wò ní Sátidé, àbí ilé? Ó bi Sixten bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ṣe é bí ẹní ń ṣàwàdà. Sixten rẹ́rìn-ín. Ó ronú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni." Ìdáhùn náà dára. Ìgbà tó fi ronú yẹn ni Gunvor gbé lọ sílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, ẹ̀rù Hilding ò jẹ́ kí Sixten dá lọ. Ẹgbẹ́ ti kọ ẹ̀hónú sí ìjọba àgbègbè, iṣẹ́ sì ti dúró. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìwólé Hilding bá fi dúró lójú títì, Sixten ni wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Tekla ló gbà láti ṣe alárinà. Òun àti Hilding jọ ń bú ara wọn nínú ìpàdé láti ọdún pípẹ́, wọn ò sì kórìíra ara wọn.

Wọ́n lọ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Gunvor wà ní ilé ìdáná, ó ń se kọfí, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀.

"Hilding," Tekla bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé la bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwọn méjèèjì ti rí ara wọn, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn."

"Mo ti gbọ́. Ìyá mi ò lè pa àṣírí mọ́." Hilding kọjú sí Sixten. "O mọ yàrá tí ìyá mi wà? Àwa márùn-ún la gbé ibẹ̀. Omi máa ń ṣàn lára ògiri ní òtútù. Àbúrò mi, Göte, ibẹ̀ ló wúkọ́ kú sí. Mo di í lọ́wọ́ mú. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ilé náà lẹ́wà."

"Ilé kọ́ ló pa Göte," Tekla wí pẹ̀lẹ́. "Ìṣẹ́ ló pa á."

"Ẹ̀yin tí ìṣẹ́ ò bá gbélé rí lẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀."

 Gunvor gbé àwo kọfí, ó sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ó gbọ́ tí ohùn bàbá rẹ̀ yí padà.

"Ó dáa," Hilding wí. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹgbẹ́ yín lè gba Ilé Aláró. Màá kọ́ tèmi yí i ká, mi ò ní fọwọ́ kan pákó kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ilé yẹn lọ́wọ́ mi ò ní gba ọmọ mi. Tó bá jẹ́ ọmọ mi lo fẹ́, lọ fa ẹ̀hónú yín ya, kí o sì wá bá wa jẹun lọ́la. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mú ọ̀kan."

Tekla sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun wo ojú Sixten, òun sì ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn pé kó ṣáà la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ronú kó tó sọ pé òun ti jẹun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ fún mi láyè kí n rò ó."

Ilẹ̀kùn ṣí. Gunvor gbé kọfí wọlé, ó bu fún bàbá rẹ̀, ó bu fún Tekla, ó bu fún Sixten. Kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ó bi olúkúlùkù bóyá wọ́n fẹ́ ṣúgà. Lẹ́yìn náà, ó gun òkè lọ sí yàrá rẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

"Tí wọ́n bá ní kí n fi gbogbo Hällviken sílẹ̀ nítorí rẹ̀," ó sọ fún mi ní ọjọ́ kejì, bó ṣe ń to ìgò oògùn, "mi ò ní rò ó. Kí ló wà níbẹ̀ tó ń rò?"

Mo ní bóyá ẹ̀rù ló bà á. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í tọrọ àyè, ṣe ló máa ń sá.

Sixten wá sí ilé oògùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Èrò pọ̀, ó sì tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn. Nígbà tó kàn án, ó fọwọ́ méjèèjì lé káúńtà.

"Gunvor, mo ti rò ó."

"Oògùn wo lẹ fẹ́, sà?"

"Gunvor, jọ̀ọ́."

"Ti ikọ́ ni, àbí ti orí fífọ́?"

Gbogbo ìlà ti dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Etí Sixten pọ́n. Ó ní ti ikọ́. Gunvor wé e fún un, ó gba owó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kàn." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ó ṣe é dáadáa. Ọmọge ni àwa náà, a fẹ́ràn ìgbéraga.

Tekla wá bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣáà gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ."

"Ìyá, mo ti gbọ́ èyí tó sọ. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Mo ti fún un."

Sixten tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan. Gunvor rí i láti ojú fèrèsé. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé tó bá kan ilẹ̀kùn, òun á sọ̀ kalẹ̀. Sixten dúró, ó wo ilé, ó yí padà, ó sì lọ. Ó rò pé bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ rí òun, á jáde. Báyìí ni ìgbéraga ọ̀kan àti ìtìjú èkejì ṣe pàdé lẹ́nu géètì, tí kò sí ẹni tó ṣí i.

Ní àárín ìgbà ẹ̀rùn, níbi ijó ọdún Midsommar, Evert, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Hilding, ọmọ ìlú ńlá Göteborg, bẹ Gunvor pé kó bá òun jó. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó bi í bóyá yóò fẹ́ òun, Gunvor dáhùn lójú ẹsẹ̀, torí pé ó ti ń bínú sí àwọn tó ń ronú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kí òjò yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Göteborg.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, Hilding dìde nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Kò sí ẹni tó bi í. Ó ní kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ní Ilé Aláró, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Sixten, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ló lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ìlú ti mú un pé ó ti mú ọ̀kan. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Alma kó lọ sí ilé tuntun. Nígbà tí Gunvor wá kí i, ìyá àgbà ṣí omi gbígbóná, ó pa á, ó tún ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá rọ̀.

"Omi ti wà nínú ògiri báyìí," ó wí. "Ẹni tó ń pọn ọ́n ni mi ò rí mọ́."



Ọdún gorí ọdún. Gunvor bímọ méjì fún Evert. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ó tọ́jú rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó ṣe é lóore. Nígbà tí Gunvor bá ń bọ̀ wá sí Hällviken, ó máa ń gba ojú títì ẹ̀yìn kọjá kó má bàa rí Ilé Aláró. Evert ṣàìsàn, ó kú, àwọn ọmọ sì ti dàgbà.

Ní ọdún 1996, Hilding ti wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Gunvor ń fún un ní ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni bàbá náà bá yí ojú kúrò níbi ṣíbí.

"Ọmọ Norling yẹn," ó wí. "Mo fẹ́ kó bú mi ni."

"Bàbá, ẹ jẹun."

"Mo dán an wò. Mo ní kó mú ọ̀kan kí n lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Bó bá fọwọ́ lu tábìlì, bó bá ní ta ni mí tí mo fi ń fi ọmọ mi dúnàádúrà, méjèèjì ni ǹ bá fún un lọ́jọ́ yẹn."

Gunvor gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"O gbé kọfí wọlé, ojú rẹ ti le. Mo ní o ti rí i fúnra rẹ pé kò yẹ ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn." Ó tún kọjú sí ọbẹ̀. "Evert náà dáa."

"Ó dáa, Bàbá."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Hilding fi kú. Wọ́n sin ín ní oṣù keje. Nígbà tí wọ́n mu kọfí ìsìnkú tán, Gunvor sọ fún Malin, ọmọbìnrin rẹ̀, pé kó dúró de òun nínú mọ́tò. Ó gba ojú títì iwájú.

Ilé Aláró wà láàárín àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀, ọ̀dà pupa rẹ̀ sì ń dán. Sixten wà lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ ti funfun, ó ti kúrò ní akọ̀wé, ó ti di alága. Kò níyàwó. Ó dá Gunvor mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá," ó wí.

"Ẹ ṣé."

Wọ́n wọlé. Yàrá Alma ti di ibi tí wọ́n to ìkòkò aró sí. Ó mọ́, ó sì gbẹ. Wọ́n ti fi okùn pààlà níwájú rẹ̀ kí àlejò má bàa wọ ibẹ̀. Gunvor dúró ní ẹ̀yìn okùn náà.

"Ọjọ́ yẹn ní ilé oògùn," ó wí, kò sì wò ó. "O ní o ti rò ó. Kí lo rò?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Sixten kò ronú. Ó ti ní ìdáhùn náà lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Mo rò pé kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó rò ó. Ẹ̀hónú yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ ló ni ín, àwọn arúgbó yẹn ti fi gbogbo agbára wọn sí i. Ìwọ sì rèé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá bàbá rẹ lóhùn láìba ẹnì kan jẹ́. Mo wá láti bi ọ́ pé kí la máa ṣe. Ìwọ lo mọ bàbá rẹ, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Gunvor di okùn náà mú.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Gunvor sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé òun ì bá mọ ìdáhùn náà. Ọmọ ọdún méje ló wà tó ti mọ̀ pé bí bàbá òun bá lé ènìyàn sí igun ògiri, ṣe ló fẹ́ kí ẹni náà kọ̀. Ṣe ni ì bá rẹ́rìn-ín. Ì bá sọ fún Sixten níbẹ̀, níwájú gbogbo àwọn tó ń ra oògùn, pé kó padà lọ sílé àwọn, kó lọ pariwo mọ́ bàbá òun, kó sì jókòó jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

"Ǹ bá sọ fún ọ pé kó o bú u," ó wí.

"Kí n bú Hilding?"

"Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Ó sọ fún mi kó tó kú."

Sixten jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì fi í padà sójú. Gunvor jókòó tì í. Wọn ò sunkún. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ ikú ẹni tó ti kú tipẹ́, tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọn ò sọ fún.

"Mo dúró lẹ́nu géètì yín nígbà kan," Sixten wí.

"Mo rí ọ."

Ó mi orí, kò béèrè ohun mìíràn.

Mọ́tò àlejò kan dúró níta, àwọn ará Denmark, tọkọtaya àti àwọn òbí wọn. Wọ́n ti ka ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń dúró kí ẹnì kan wá mú wọn yí ilé ká. Sixten dìde. Kò sí ọjọ́ kan ní ìgbà ẹ̀rùn tí kò ti ṣí ilé náà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin Tekla.

"Ẹ má bínú," ó sọ fún wọn. "A ti tilẹ̀kùn lónìí."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sin Gunvor lọ síbi mọ́tò Malin. Ọ̀nà náà kò jìn. Wọ́n rọra ń lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa Alma, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò rọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Gunvor bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ náà, ó ṣe díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Malin bi í lójú ọ̀nà pé ta ni bàbá yẹn. Ó ní ẹni tó máa ń pọn omi fún ìyá bàbá òun ni.

Sixten dúró lójú títì títí mọ́tò náà fi yà ní igun ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rìn padà lọ ṣí ilé náà. Àwọn ará Denmark ti lọ.